Ìyẹ̀wò Èékánná ní Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Bàbá mi kò fi owó ara rẹ̀ ra búrẹ́dì láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ilé rẹ̀ ni búrẹ́dì pọ̀ sí jù ní gbogbo Òkè-Àgbò. Kò tà á. Kò jẹ ẹ́ náà. Àwa la kó o fún un. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tiwa, èèyàn kì í lọ kí àgbàlagbà lọ́wọ́ òfo. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ, kí o yáa yà sí ìsọ̀ tó wà nítòsí, kí o ra búrẹ́dì gígùn kan tàbí páálí mọ́ọ̀tì kan, kí o tó kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ayé ló sì ń wá kí bàbá mi.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ni. Efire ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, létí ọ̀sà, láàárín àwọn ọmọ apẹja, kí wọ́n tó gbé e padà wá sílé. Ilé ló ti di ọ̀gá, ilé náà ló ti fẹ̀yìn tì. Bí o bá rí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń hewú ládùúgbò wa tó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ọwọ́ bàbá mi ló ti kọ́ ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti gba ẹgba bàbá mi. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni ìyẹ̀wò àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Agogo á dún, gbogbo ọmọ á tò sórí ìlà, ọwọ́ á nà síwájú, ọ̀gá á sì máa bọ̀ pẹ̀lú rúlà onígi: èékánná, eyín, etí, ọrùn, ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá dọ̀tí kò ní tètè jẹ ẹgba. Wọn á kọ́kọ́ ní kó bọ́ bàtà rẹ̀, bó bá ní bàtà, wọn á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹgba tó kàn. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ ọ̀gá ni mí, nítorí náà wọ́n wẹ̀ mí ju àwọn yòókù lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀gá ń ṣojúsàájú.

Nígbà tí ìyá wa kú, ó ku òun nìkan nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti wà ní Kánádà. Èmi wà ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì. Ọ̀nà kò jìn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ wò ó, tèmi ti búrẹ́dì mi lábẹ́ apá. Ọmọ kì í lọ sílé bàbá rẹ̀ kó máa ju apá méjèèjì fàlàlà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ni náílọ́ọ̀nù omi. Bí bàbá bá mu píọ̀ wọ́tà tán, á fi ọṣẹ fọ náílọ́ọ̀nù rẹ̀, á sá a sórí okùn, bó bá gbẹ, á ká a dáadáa, á tò ó sínú páálí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi í ṣe. Ó ní, "Ọjọ́ ń bọ̀." Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, mo ní ẹ wá wo Ìjẹ̀bú gidi tí kì í fi nǹkan ṣòfò. Àwọn ará Ọ̀ṣun àti Èkìtì tó wà láàárín wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tí àwọn ti ń gbọ́ nípa wa láti ọjọ́ pípẹ́ náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ ibòmíràn ni wọ́n ti bí bàbá mi, bóyá wọn ì bá ti gbé e lọ rí dókítà lọ́dún náà. Ní Ìjẹ̀bú, oríyìn ló gbà.

Lẹ́yìn náà ló kan kàlẹ́ńdà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sin òkú, tó bá joyè, tó bá ṣílé, á tẹ kàlẹ́ńdà tí àwòrán rẹ̀ wà láàárín, á pín in káàkiri. Bàbá mi ń gba gbogbo rẹ̀, ó ń gbé e kọ́ orí ara wọn, kò yọ ti àtijọ́ kúrò rí, títí ògiri pálọ̀ fi nípọn bí ìjókòó tìmùtìmù. Bó o bá fẹ́ mọ ọdún tí a wà, gbogbo ọdún ló wà níbẹ̀, kí o ṣáà yan èyí tó wù ọ́. Àwọn àlejò á wọlé, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìwé ìròyìn àti páálí, wọ́n á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Wọ́n á sì gbé búrẹ́dì wọn lé orí èyí tó wà ńlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé náà kò tètè hàn, nítorí iṣẹ́ tó ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ bá wọlé, bàbá á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Ta ni ọ́? Sọ orúkọ rẹ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́." Ọ̀rẹ́ náà á bú sẹ́rìn-ín, á pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, inú rẹ̀ á dùn pé ọ̀gá ṣì ń bá òun ṣeré. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, àfi ọjọ́ tó bi èmi. Mo rò pé eré ni. Mo pe orúkọ mi sókè. Ó ní, "Ó dáa. Jókòó." Mo jókòó, ẹ̀rín náà kò sì wá mọ́.

Mo gbé e lọ bá dókítà. Ọmọkùnrin tó mọ ọ̀wọ̀ àgbà ni dókítà yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo la wà lónìí?" Bàbá mi yí ojú ká inú yàrá náà, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wò mí, ó wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìbéèrè tó dáa ni. Ta ló lè dáhùn? Ẹ nawọ́ sókè." Ẹ gbà mí gbọ́, nọ́ọ̀sì nawọ́ sókè. Ó ní Ọjọ́rú ni. Bàbá mi ní kí a pàtẹ́wọ́ fún un, a sì pàtẹ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní orí bàbá pé ju tòun lọ, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa, a sì padà sílé.

Kò pẹ́ sí i ni òórùn dé. Bàbá mi kò wẹ̀ mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà ló ń wọ̀, ó ti di aláwọ̀ tíì, ó sì ń de táì mọ́ ọn lọ́rùn láràárọ̀. Bàtà dúdú rẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rárá. Ó ń wọ̀ wọ́n sùn. Èékánná rẹ̀ gùn, ó dúdú. Eku wà nínú yàrá, aáyán wà nínú fìríìjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, búrẹ́dì tí ebu ti bò wà lórí àga, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí àtẹ̀gùn. Ilé ìwẹ̀ kún fún páálí dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ bí ọ̀wọ̀ ṣe lágbára tó nílùú wa. Àwọn àlejò kò dẹ́kun wíwá. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á di èémí mú, wọ́n á ní, "Bàbá, ara yín mà ń dán o." Àwọn ìyá ìjọ á jìjàdù àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àlùfáà wa wá fún un ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ já ọsàn. Gbogbo wọn jáde, gbogbo wọn mí, kò sì sí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀. Ta ni yóò wí fún ọ̀gá pé ó ń rùn? Ẹni tó bá máa wí i ní láti jù ú lọ, àwọn tó jù ú lọ sì ti kú tán.

Èmi náà kò wí i. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo ń gbà. Mo ní, "Bàbá, omi ti gbóná."

"Fún ta ni?"

"Fún yín, sà."

"Mo ti wẹ̀ láàárọ̀," ni yóò wí, kò sì ní purọ́, nítorí ó ti wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan rí. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́. Màá da omi náà fọ abọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, inú bí mi. Nígbà tó ń sùn lórí àga, mo kó búrẹ́dì sínú àpò ìrẹsì, mo ń wọ́ ọ gba ẹ̀yìnkùlé. Ó jí. Ó rí mi. Ó jáde sí gbangba, ó ní, "Olè!" Ohùn tó fi ń dá ilé ìwé dúró kò tíì kúrò lọ́fun rẹ̀. Gbogbo àdúgbò tú jáde, wọ́n bá mi pẹ̀lú àpò búrẹ́dì bíbu. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n mọ ohun tí mò ń ṣe, òórùn àpò náà sì ń sọ tẹnu rẹ̀. Síbẹ̀ àgbà ti fẹ̀sùn kan ọmọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ pé iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n ní kí èmi náà kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì pé mo jí búrẹ́dì. Ó dárí jì mí, ó ní kí n dá a padà síbi tí mo ti mú un. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyá tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, tó máa ń se oúnjẹ fún un, ní kí a fi nǹkan tu bàbá lójú. Ó mú búrẹ́dì tuntun wá.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n yí fóònù ká kí òun rí inú ilé. Mo yí i ká. Lẹ́yìn náà ló ní, "Má jẹ́ kí ará ìta gbọ́ o."

Ẹsẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà má ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo rí i tí eṣinṣin bo bàtà òsì rẹ̀, kò bo ti ọ̀tún. Ìbọ̀sẹ̀ náà tutù, àwọ̀ rẹ̀ kò dára. Mo sá lọ pe nọ́ọ̀sì kan tó wà nínú ìjọ wa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kó fọwọ́ kan bàtà náà, bàbá mi fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ kò lè wọ ilé ìwé mi láìgba àyè." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tí a jáde sí ìloro, kò tan mí. Ó ní egbò tó ń rùn báyẹn, bí wọn kò bá ṣí i kí wọ́n fọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà, bí kò bá pa á. Ó ní agbára òun kò tó láti bá a jìjàkadì.

Ẹ̀rù bà mí. Bàbá mi fẹ́ràn ìrìn ju ohunkóhun lọ. Láàárín gbogbo ohun tí orí rẹ̀ ti sọ nù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fẹ́ gé e nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó bọ́ bàtà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá àwọn ọkùnrin alágbára, kí wọ́n dì í mú. Láti Kánádà, ó rọrùn. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọkùnrin alágbára ní Òkè-Àgbò tí bàbá mi kò tíì nà? Mo rí mẹ́kááníìkì kan, mo rí àwọn alágbára kan láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ọkùnrin tí apá wọn tó itan mi. Wọ́n ṣèlérí fún mi lóde. Bí wọ́n ṣe wọlé, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ìwé ìròyìn. Bàbá wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ na ọwọ́ yín kí n rí i." Mẹ́kááníìkì náà, ẹni tó ní ọmọ ní yunifásítì, fi ọwọ́ tí òróró bò pamọ́ sẹ́yìn. Bàbá ní, "Ìwọ. Lọ fọ̀ ọ́." Ó lọ, kò sì padà wá. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú ti ń tì wọ́n, wọ́n fi búrẹ́dì ránṣẹ́.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún, mo bínú sí i, mo bínú sí wọn. Àárín ẹkún náà ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Bàbá mi kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ti kú. Ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé ọjọ́ Ajé.

Mo yá agogo lọ́wọ́ ilé ìwé. Mo rán oníṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ tí mo mọ̀, mo ní tí wọ́n bá fẹ́ràn ọ̀gá, kí wọ́n wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n wá lọ́wọ́ òfo. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣòro jù fún wọn. Ètò mi rọrùn. Bó bá yẹ̀ wá wò tán, màá sọ fún un pé sípẹ́kítọ̀ ti dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó sì fẹ́ wo ẹsẹ̀ àwọn tíṣà. Nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe sípẹ́kítọ̀. Ó ti wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó wọ gíláàsì ojú kó lè jọ aláṣẹ.

Wọ́n wá lóòótọ́. Olóyè kan wà nínú wọn, oníṣòwò kòkó kan wà, ìyá ìjọ méjì wà, mẹ́kááníìkì náà padà wá, ó ti fi epo kẹrosíìnì fọ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Mo lu agogo. Wọ́n tò sí ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo wà ní ìparí ìlà.

Bàbá mi jáde. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó mú rúlà rẹ̀ dání, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ lẹ́yìn díẹ̀. Ó wò wá, inú rẹ̀ dùn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Iṣẹ́ náà kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ó fi rúlà gbá ọwọ́ olóyè nítorí èékánná àtàǹpàkò. Ó ní kí oníṣòwò kòkó la ẹnu, ó mi orí nítorí obì tó ti ba eyín rẹ̀ jẹ́. Ó bi ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ pé ta ló kun èékánná rẹ̀ ní ọ̀dà, obìnrin náà sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ni." Ó wo ọwọ́ mẹ́kááníìkì, ó yí i padà, ó tún yí i. Ó ní, "O ti gbìyànjú." Ojú ọkùnrin náà kún fún omi.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ó dáa." Mo la ẹnu láti pe sípẹ́kítọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò padà síwájú. Ó gbé rúlà lé mi lọ́wọ́, ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì dúró.

Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú wa. Èékánná ọwọ́ náà dúdú, ó ti ká. Àwọn tó wà lórí ìlà ń wo ilẹ̀. Mo wo ọ̀dọ̀ olóyè pé bóyá yóò ṣe nǹkan, olóyè náà ń wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì yọ orí lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ó ń dúró dè mí.

"Ọghọ́ mi rè é, tíṣà," ni bàbá mi wí. Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ilé, irú èyí tó máa ń nà wá fún nínú kíláàsì, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ tó mọ̀ pé òun ti jẹ̀bi. Ó ti mọ̀. Bóyá ó ti ń mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tó ń dúró pé kí ẹnì kan wá yẹ òun wò, tí gbogbo wa sì ń kí i pé ara rẹ̀ ń dán.

Mo kúrò lórí ìlà, mo bọ́ síwájú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ fún wa ni mo sọ. Mo ní, "Bọ́ bàtà rẹ."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lórí ìlà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tú okùn rẹ̀. Èmi ni mo kúnlẹ̀ tú u. Nọ́ọ̀sì ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ìbọ̀sẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara, a ń da omi lé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọmọlúàbí. Mẹ́kááníìkì lọ bì sídìí ọsàn.

"Tíṣà, ẹ má nà mí."

"Mi ò ní nà ọ́."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò mí."

Mo gbójú sókè wo àwọn tó wà lórí ìlà. Olóyè ló kọ́kọ́ yé. Ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá mi. Ìyá ìjọ tẹ̀lé e, oníṣòwò kòkó tẹ̀lé e, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá wọn níwájú ògiri, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò jẹ́ ṣe sí àgbàlagbà láyé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá sílé wa, ọ̀wọ̀ kan ṣoṣo tó wúlò tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn. A fi ọṣẹ àti kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọn, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. A wá gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kù fún un. Dókítà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, obìnrin tí eré tíṣà kò lè tàn jẹ. Kò nawọ́ sókè nígbà tó ní kó nawọ́ sókè. Òun ló sọ fún wa pé àìsàn ni, pé ọpọlọ ló ń ṣá díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ìṣọ́nǹkanlò Ìjẹ̀bú, kì í ṣe àrán lásán. Kó tó padà wálé, a ti gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé, a sì ti sin búrẹ́dì. Ó pọ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá dúró wò, wọ́n rò pé òkú la ń sin. Mo mọ èyí tí mo fọwọ́ ara mi rà nínú rẹ̀ láti ara náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì Àgọ́-Ìwòyè. Tèmi ló pọ̀ jù.

Mo ti kó padà sílé báyìí. Láti Òkè-Àgbò ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, lórí ọ̀kadà. Ní ìlú, wọ́n ní mo ti ya aláìgbọràn, wọ́n ní wọ́n ń gbọ́ ọ láti òde tí mò ń sọ fún bàbá mi pé kó na ọwọ́, kó la ẹnu, kó gbé ẹsẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Wọ́n ṣì ń mú búrẹ́dì wá, ìyá òdìkejì ọ̀nà sì ti kọ́ láti máa gbà á lẹ́nu géètì fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ ni mò ń lu agogo. Gbogbo àárọ̀ ló ń jáde, á dúró lórí ìlà tó jẹ́ òun nìkan, á na ọwọ́. Kò mọ̀ mí mọ́ ní ọmọ. Tíṣà ló ń pè mí, ẹ̀rù sì máa ń bà á díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bà wá. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo yẹ̀ ẹ́ wò tán, mo ní, "Ó dáa." Kò lọ. Ó ń wo ọwọ́ tèmi. Mo ti ń fi oògùn aláwọ̀ àlùkò sí egbò rẹ̀ kí n tó lu agogo, ó sì ti wọ abẹ́ èékánná mi. Bàbá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ mi kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

"Tíṣà," ó ní, "ọwọ́ yín dọ̀tí. Ẹ sáré lọ fọ̀ ọ́, kí ọ̀gá tó dé."

Mo sáré lọ fọ̀ ọ́.